Kóńgò Mẹ́ta: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan láti Mainland Èkó

Ọ̀rọ̀ tí màmá yìí gbé wá bá mi kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a padà jókòó tì. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbé wá. Ó ní àbígbẹ̀yìn òun, ọmọbìnrin ẹni 20 ọdún, ti kẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa kọnfaméṣọ̀n, ìsìn tí ọmọ ìjọ fi ń fìdí ìgbàgbọ́ rẹ̀ múlẹ̀, mọ́. Ó ní kí n bá òun fi àdúrà sí i, kí n sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n.

Lídà kíláàsì ni mí ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Mainland, èmi ni mò ń bójú tó ẹgbẹ́ kékeré kan nínú ìjọ. Èèyàn 14 ló wà ní kíláàsì mi, 9 nínú wọn ló jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mò ń kọ èyí sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wa jọra: lídà, díákónì, ìyá ìjọ, àti ẹnikẹ́ni tí àwọn èèyàn máa ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí yín.' Màmá náà fọwọ́ sí i kí n tó kọ ọ́, ọmọ rẹ̀ náà fọwọ́ sí i. Mo ti yí ohun díẹ̀ padà kí ojú má baà dá wọn mọ̀. Mi ò ní dárúkọ ọjà wọn, torí ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọjà kan. Ẹni tó bá ti ra oúnjẹ ní kóńgò rí ní Èkó yìí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹni tí a mọ̀ ọ́n sí

Màmá ti lé ní 58 ọdún, opó ni, òun sì ni ìyá ẹgbẹ́ fún ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ obìnrin wa. Ọdún 18 ló ti ń ta ráìsì, ẹ̀wà àti gàárì, ṣọ́ọ̀bù méjì ló ní. Kì í pẹ́ dé ìsìn. Kì í bú èèyàn. Ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, bí òjò ń rọ̀ bí kò rọ̀, ẹ máa bá a níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ tó lọ̀ gbẹrẹgẹdẹ. Gbogbo ohun tí ìwàásù wa máa ń kà sí ìwà mímọ́, ìmúra, ẹnu, ààwẹ̀, ìdámẹ́wàá, kò sí èyí tó yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n na ìka sí ẹni mímọ́ kan nínú ìjọ wa nígbà náà, òun ni ǹ bá na ìka sí. Ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí n tètè ríran.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wà lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Mo bi í léèrè ọ̀rẹ́kùnrin, mo bi í léèrè àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ka Bíbélì fún un, mo gba ààwẹ̀ Ọjọ́rú mẹ́ta tìtorí rẹ̀. 'Ẹ ṣé, Àǹtí' ni gbogbo èsì rẹ̀. Ó máa ń wá, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi, ó máa ń jókòó jẹ́ẹ́, kò sì sí ohun tó ń wọ̀ ọ́ létí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ irú 'ẹ ṣé' bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, òjò ká a mọ́ ilé mi ní Èbúté Mẹ́ta. Mo fẹ́ se ẹ̀wà. Mo gbé kóńgò tí mo fi ń wọn nǹkan nílé fún un, mo ní kó bá mi bu díẹ̀ wá nínú àpò. Kò lọ. Ó ki ọwọ́ bọ inú kóńgò náà, ó fi ìka mẹ́ta tẹ ìdí rẹ̀ yípo, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ó tún dojú rẹ̀ dé, ó wo ìdí rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

'Àǹtí, ìdí kóńgò yín tẹ́jú.'

Mo ní báwo ló ṣe yẹ kó rí?

'Tiwa kò rí báyìí.'

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú. Kóńgò mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú títí ó fi yọ gọnbu bí ẹ̀yìn igbá. Òun ni wọ́n fi ń tajà. Ìkejì, wọ́n ti fẹ etí rẹ̀ síta, wọ́n sì ti lu ìdí tirẹ̀ jáde. Òun ni wọ́n fi ń gba gàárì lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń gbé e wá láti oko. Ìkẹta, tuntun ni, ọ̀rá ni wọ́n wé e sí, òkè pẹpẹ ló ń gbé. Kì í sọ̀ kalẹ̀ àfi nígbà Ìkórè, àti ìgbà tí ẹgbẹ́ obìnrin bá ń wọn ráìsì fún àwọn opó ní Kérésìmesì.

'Mọ́mì ní ohun Ọlọ́run kò gbọdọ̀ dín.' Ó wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. 'Àǹtí, ṣé Ọlọ́run kì í wo ìsàlẹ̀ pẹpẹ ni?'

Mo ti múra èsì sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọkùnrin, fún ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ búburú, fún gbogbo ohun tí mo rò pé ó ń lé ọ̀dọ́ kúrò nílé Ọlọ́run. Mi ò ní èsì fún ìyẹn. Òjò dá, mo sìn ín dé ibi tó ti máa wọ kẹ̀kẹ́, mo sì padà wálé wá jókòó ti kóńgò tèmi.

Bí kóńgò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Kó lè yé ẹni tí kò ta oúnjẹ rí: àpò ráìsì 50 kg kan, bí a bá fi kóńgò tó pé wọ̀n ọ́n, á tó nǹkan bíi 33. Kóńgò onígọnbu tí Màmá ń lò máa ń mú 38 jáde nínú àpò kan náà. Márùn-ún tó lé yẹn, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́ ni a fi yọ ọ́ nínú ìkòkò àwọn tó sanwó. Bí oníbàárà bá san owó kóńgò mẹ́jọ, bíi méje péré ló gbé délé.

Ti ènì ló dùn mí jù. Màmá lawọ́ sí ènì. Òkìkí rẹ̀ kàn lórí ìyẹn, àwọn èèyàn á kọjá lára ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí 'Ìyá yìí máa ń fi ènì sí i'. Ohun tí a ti yọ nínú ọjà àwọn oníbàárà ni Màmá ń bu díẹ̀ padà fún wọn, wọ́n sì ń fi ọpẹ́ gbà á.

Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kò fi èyí sí òkùnkùn. Deutarónómì 25 sọ pé kí òṣùwọ̀n méjì, ńlá àti kékeré, má ṣe wà nínú ilé rẹ. Ẹ kíyè sí i pé kí ó má tilẹ̀ sí nílé ni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kí a fi tajà. Ẹ tún lọ ka Léfítíkù 19 láti òkè délẹ̀. Ẹsẹ kejì ni Olúwa ti ní kí a jẹ́ mímọ́ torí pé mímọ́ ni Òun. Ohun tó tẹ̀ lé e kò dúró sínú àgọ́ ìsìn: kí o fi etí oko sílẹ̀ fún tálákà, kí owó alágbàṣe má sùn sọ́dọ̀ rẹ mọ́jú, kí o má ṣépè fún adití, kí o dìde níwájú orí ewú. Nígbà tí orí náà fẹ́ parí, òṣùwọ̀n ló fi kádìí rẹ̀, efà òtítọ́ àti hínì òtítọ́. Efà ni kóńgò tiwọn.

Mo mọ gbogbo èyí. Mo ti kọ́ni ní Léfítíkù 19 rí. Síbẹ̀, wàhálà ni mo fi dá sílẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìnà

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo pe ìyá àgbà kan nínú ìjọ mọ́ra, a dúró de Màmá lẹ́yìn ìsìn. Mo sọ fún ara mi pé Mátíù 18 ni mò ń tẹ̀ lé, tó ní kí a mú ẹlẹ́rìí lọ́wọ́. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Jésù ní kí n kọ́kọ́ lọ bá a láàárín èmi àti òun nìkan. Ẹ̀rù ọjọ́ orí rẹ̀ ló bà mí, mo fi àgbà mìíràn bo ara mi.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo ka ẹsẹ kan láti inú Òwe. Ojú Màmá yí. Ó ní, 'Ta ló sọ fún ẹ?' Mo ní ẹ má bínú Màmá, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó tún ní, 'Ta ló sọ fún ẹ?' Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló ń wọ ẹ̀yìn káńtà rẹ̀? Ó ní gbogbo ìlà àwọn ló ń lò ó, ó ní mi ò tà rí, mi ò rà rí, tíṣà tí ìjọba ń san owó oṣù fún ni mí. Ó ní, 'Ọjà lọjà, ìjọ nìjọ. Má da omi pọ̀ mọ́ epo.' Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti kó ẹrù ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkòròdú. Òun fúnra rẹ̀ kò wá sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ dúró síbí yìí pẹ̀lú mi. Ọmọ tó finú hàn mí ni mo fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ kọ ojú ìjà sí wà ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n èyí tí mo dá wà nínú ẹnu mi, nínú bí mo ṣe kánjú. Mo pe ọmọ náà lórí fóònù, mo tọrọ àforíjì. Ó ní, 'Kò burú, Àǹtí.' Ó burú.

Mo gbé e lọ bá àlùfáà wa. Ó kọ́kọ́ ní òun máa wàásù láti inú Ámósì 8, ibi tí àwọn oníṣòwò ti ń bèèrè pé ìgbà wo ni ọjọ́ ìsinmi máa parí kí àwọn lè padà sí efà àwọn tó kéré. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun má ṣe é, gbogbo ìjọ á mọ ẹni tó ń bá wí. Ó rò ó, ó gbà. Ó wá bi mí pé, 'Ṣé o ti dé ṣọ́ọ̀bù màmá yìí rí?'

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti jẹ́ lídà. Mi ò tíì dé ibi iṣẹ́ ẹnì kankan nínú àwọn 14.

Ó bà mí nínú jẹ́ torí mo mọ ìtàn kíláàsì. Ní Bristol ní 1742, gbèsè ilé ìpàdé ló bí i: kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan máa yíká ọ̀dọ̀ èèyàn bíi 12 láti gbà á. Bí àwọn agbowó yẹn ṣe ń wọ ilé kiri ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí èèyàn ṣe ń gbé lóòótọ́, ẹni tó ń bá ìyàwó jà, ẹni tó ń mutí. John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, rí i pé ohun tí òun ti ń wá nìyí. Nígbà tó máa fi di 1743 tó kọ Òfin Gbogbogbòò fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ ọjà sí i tààrà: kí a má fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ rà tàbí tà, kí a má ṣòwò ẹrù tí a kò san owó orí rẹ̀. Míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman gbé ìgbàgbọ́ yìí dé Àgbádárìgì ní 1842, ó bá wa dé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ń yíká ilé ti kúrò nínú rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Inú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń jókòó sí, tí mò ń dúró de èèyàn.

Ọjọ́ kan ní ìdí káńtà

Ilé ìwé ti wà ní họ́lídè. Mo dé ṣọ́ọ̀bù Màmá láago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Mo kúnlẹ̀ síta gbangba níbẹ̀. 'Màmá, ẹ dákun. Ọ̀nà tí mo gbà bá yín sọ̀rọ̀ kò dáa. Mi ò wá sọ̀rọ̀ kóńgò lónìí. Mo wá bá yín tajà.' Kò dá mi lóhùn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mi ò mọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, alábàárù mẹ́ta ti gbowó, onítíkẹ́ẹ̀tì ti gbowó, alájọ ti dé. Oníbàárà á dúró lọ́nà jíjìn, á ké pé, 'Èló ni kóńgò?' Iye yẹn nìkan ni wọ́n ń fi wé ti ṣọ́ọ̀bù kejì. Kò sí ẹni tó ń bi kóńgò léèrè ìdí rẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ fi kóńgò tó pé tajà níbẹ̀, àfi kó gbówó lé e, ẹni tó bá sì gbówó lé e, wọn á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Kò sọ irọ́ di òtítọ́ o. Ṣùgbọ́n mo ti ń wàásù fún ẹni tó wà nínú kànga láìtíì wo bí kànga náà ṣe jìn tó.

Ní nǹkan bí aago 11, ọ̀kan nínú àwọn opó ìjọ wa dé, ìyá arúgbó tó ń gbé lẹ́bàá Ọyìngbò. Ó ra kóńgò ráìsì kan, ó ka owó rẹ̀ sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún náírà àti àádọ́ta náírà, owó náà ti rọ̀ bí aṣọ. Màmá wọ̀n ọ́n fún un, ó fi ènì sí i, ó ṣàdúrà fún un. Ìyá náà lọ.

Kò ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ tó fi padà dé. Ó gbé ife mílíìkì kan dání, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ráìsì nílé. Kò bínú. Ojú ń tì í. Ó ní, 'Ẹ má bínú, Ìyá Ẹgbẹ́. Mo wọ̀n ọ́n kí n lè pín in sí ọjọ́ tó máa tó mi, kò pé. Mo ní bóyá ife mi yìí ló tóbi jù. Ẹ bá mi wò ó.'

Ife ara rẹ̀ ló ń fura sí. Kò wá sí i lọ́kàn láti fura sí arábìnrin rẹ̀ nínú Kristi.

Màmá gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Mo rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, 'Ife yín dáa, Ìyá. Èmi ni mo ṣì í wọ̀n.' Ó bu ráìsì kún ọ̀rá ìyá náà títí kò fi ṣe é so. Lẹ́yìn tí ìyá lọ, ó tajà títí di ìrọ̀lẹ́ láìsọ gbólóhùn kan tó kọjá iye owó.

Nígbà tí a ti ilẹ̀kùn kan, ó jókòó lórí àpò, ó gbé kóńgò onígọnbu náà sórí itan. Ó ní ọ̀gá òun ló fún òun lọ́jọ́ tí òun gba fíríìdọ̀mù, pẹ̀lú àpò ẹ̀wà kan àti àdúrà pé ọwọ́ òun kò ní ṣófo láé. Ó ní láti ọdún 18, ní gbogbo òwúrọ̀ tí òun bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun máa ń gbé ọwọ́ lé kóńgò yìí gbàdúrà kí Olúwa bù sí i.

Ó ní, 'Òun ni mò ń gbàdúrà lé, o.' Ó sunkún. Mi ò ka ẹsẹ Bíbélì kankan. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí ẹ̀ṣọ́ ọjà fi wá kan ilẹ̀kùn.

Ìṣirò

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró sí ibi ẹkún. Bí ẹni náà bá ti sunkún, a ó gbàdúrà, a ó ṣe àmín, a ó sì fi í sílẹ̀ kó padà lọ bá ìlà ṣọ́ọ̀bù kan náà, iye kan náà, alájọ kan náà. Lọ́jọ́ Ajé, ọwọ́ rẹ̀ á tún kan kóńgò àtijọ́, torí kò mọ èyí tó máa ṣe.

Pẹ̀lú àṣẹ Màmá, mo pe ọmọ kíláàsì wa kan tó jẹ́ àkáúńtáǹtì. Àwa mẹ́ta jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bébà. ₦75,000 ló ń ra àpò nígbà náà, ₦2,200 ló ń ta kóńgò. Kóńgò 38 jẹ́ ₦83,600. Kóńgò 33 tó pé, ní iye yẹn kan náà, jẹ́ ₦72,600, àdánù gan-an ni. Iye tí gbogbo ìlà náà ń ké ló dúró lórí ìdí tó yọ gọnbu. Bó bá fẹ́ fi kóńgò tó pé jẹun, àfi kó tà á ní ₦2,500.

Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó gbé kóńgò ìkẹta sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó tú ọ̀rá ara rẹ̀, ó ń ké ₦2,500. Àpò méje ló máa ń tà lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, méjì ló tà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ti pẹ́ ní, 'Ìyá, ẹ̀yin náà ti wọ́n.' Ó pè mí lálẹ́ Sátidé, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ní ṣé ohun tí Ọlọ́run fẹ́ nìyí. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ ju pé mo wà pẹ̀lú yín, Màmá.

Ọmọ náà ló rí ọ̀nà. Màmá ti lọ bá a ní Ìkòròdú kí a tó jókòó ṣírò, òun nìkan ló lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu ọmọ náà ni mo ti gbọ́ ọ: ìyá rẹ̀ kò jókòó sórí àga. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, 'Òótọ́ lo sọ, mo wá sọ ẹ́ di ọ̀tá. Dárí jì mí.' Ọmọ náà ní òun kò mọ ibi tí òun máa ki ojú bọ̀, òun náà bá jókòó sílẹ̀. Ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wálé lọ́jọ́ kejì.

Òun ló ní kí wọ́n ra òṣùwọ̀n kílò. Ó ti ṣírò rẹ̀ lórí fóònù rẹ̀: ₦1,650 ní kílò kan, àpò á mú ₦82,500 wá. Ó wá fi kóńgò ìlà ṣírò: kóńgò onígọnbu kan kò tó kílò kan àti ìdámẹ́ta, ₦2,200 tí wọ́n ń tà á sì mú kílò kan ju ₦1,670 lọ. Ti ìyá rẹ̀ ló pọ́ọ́kú jù ní gbogbo ìlà, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, torí kóńgò ló ń bo ojú wọn.

Àwọn ìyá olóúnjẹ ló kọ́kọ́ padà. Àwọn yẹn ń ka abọ́. Ọ̀kan tó ń dáná ní apá Yábàá ra kílò 10, ó sì rí i pé abọ́ tó bù jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó pe ẹlòmíràn.

Ìjà náà dé. Oníbàárà kan ra ráìsì ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ó gbé e wá sórí òṣùwọ̀n Màmá, ariwo sọ. Alága ìlà pe ìpàdé. Wọ́n ní Màmá fẹ́ ba ọjà jẹ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má wàásù níbẹ̀, kò sì wàásù. Ó ní, 'Kóńgò tèmi ni mò ń sọ. Ọdún 18 ni mo fi lò ó. Mi ò sọ̀rọ̀ kan ẹnikẹ́ni.' Alága ní kó máa lo òṣùwọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ wọn ọjà tí a rà níbòmíràn. Màmá gbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọdún 11, tí wọ́n jọ máa ń dá aṣọ, kò tíì kí i láti ọjọ́ yẹn.

Ní oṣù karùn-ún, ọjà rẹ̀ ti padà sí àpò márùn-ún lọ́sẹ̀. Kò padà sí méje. Ó ti jọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù kejì. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá máa rán èèyàn lọ sójú ọ̀nà yìí, ẹ sọ fún un pé ó máa ná an lówó, ẹ má fi ẹ̀rí àyọ̀ nìkan tàn án.

Èyí tó gbà, àti ẹni tó ni ín

Màmá ka ìtàn Sákéù, ó ní òun fẹ́ san án padà. Ó gbé owó ńlá kan wá, ó ní kí a fi tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ìbá fi tayọ̀tayọ̀ gbà á. Mo bá àlùfáà sọ̀rọ̀, a dá owó náà padà fún un. Ìjọ kọ́ ló rẹ́ jẹ. Kóńgò ìjọ ti pé láti ọjọ́ yìí wá. Bí a bá gba owó yẹn, kóńgò òkè pẹpẹ náà ni a tún ń kún.

Ó jókòó, ó kọ orúkọ àwọn tó lè rántí. Opó Ọyìngbò ló ṣáájú. Àwọn ìyá olóko tó ń gbé gàárì wá tẹ̀ lé e: ó ṣírò ohun tí kóńgò ńlá náà ti gbà lọ́wọ́ wọn láàárín ọdún kan, ó san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rò pé ó ń wá nǹkan ni, kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà á. Fún àwọn tí kò lè rí mọ́, ó máa ń tẹ òṣùwọ̀n kọjá ìlà díẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá, kì í pè é ní ènì. Ní ti kóńgò méjèèjì, ó fẹ́ sọ wọ́n sínú gọ́tà. Ọmọ rẹ̀ ní ẹlòmíràn á mú un lò. Wọ́n tẹ̀ wọ́n rẹ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tà wọ́n fún oníkórókóró tó ń ra irin.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn pé bí a ṣe ń kọ́ni ní ìwà mímọ́ ló bí òkè pẹpẹ àti ìsàlẹ̀ pẹpẹ yìí. Yẹtí, gèlè, ọtí, a ti sọ ọ́ dé góńgó. Mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ìwàásù kan lórí owó oṣù ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí lórí lánlọ́ọ̀dù tó ń gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ayálégbé. Bẹ́ẹ̀, Pétérù ní kí a jẹ́ mímọ́ nínú ìwà wa gbogbo, Sekaráyà sì rí ọjọ́ tí ìkòkò ilé Olúwa máa dà bí àwọn ọpọ́n tó wà níwájú pẹpẹ, tí ìkòkò gbogbo ní Jerúsálẹ́mù náà máa jẹ́ mímọ́ sí Olúwa. Èdè wa gan-an ràn wá lọ́wọ́: mímọ́ tí a ń pe Ọlọ́run náà ni a ń pe omi àti abọ́. Kò sí ẹni tó máa jẹun nínú abọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ohun mẹ́ta ti yí padà lọ́wọ́ mi. Mo ti dé ibi iṣẹ́ àwọn 14 láàárín oṣù mẹ́rin, mo sì máa ń lọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá ṣiṣẹ́. Mi ò tún gbé ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ fún mi lọ bá òbí rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ọmọ náà mọ̀, tó sì gbà. Bí ẹnì kan bá sì gbé ẹlòmíràn wá bá mi pé kí n tún ṣe, mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ṣẹ̀ náà léèrè ohun tó rí kó tó yí padà.

Ọmọ náà wá sí Ìkórè lọ́dún yẹn, òun ló wọn ráìsì. Kò tíì ṣe kọnfaméṣọ̀n. Mi ò bi í léèrè mọ́. Ó máa ń wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé, ó ti ń béèrè ìbéèrè.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Mo máa ń gbé ìwọ̀n irin kílò kan tí mo rà sórí òṣùwọ̀n náà, mo máa ń ki ọwọ́ bọ inú kóńgò tí wọ́n ṣì fi ń bu ẹ̀wà, mo máa ń fi ìka tẹ ìdí rẹ̀ yípo. Ojú máa ń tì mí níwájú àwọn oníbàárà. Màmá ló ní kí n máa ṣe é, bí mo bá sì gbàgbé, ó máa ń pè mí padà láti ẹnu ọ̀nà.